Ọpẹ́ Àárín Ọ̀sẹ̀: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Dúpẹ́ Lórí Ohun Kéékèèké

Bí ènìyàn bá gbọ́ bí àwọn ará òde òní ti ń sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, pẹ̀lú aṣọ ẹbí, pẹ̀lú ìlù àti fèrè, pẹ̀lú màlúù tí a ti so mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, yóò rò pé láti ìṣẹ̀ǹbáyé wá ni ọmọ Káàárọ̀-oòjíire ti ń kó ọpẹ́ rẹ̀ jọ de ọjọ́ ńlá, àti pé ẹni tí kò tí ì kọ́lé, tí kò tí ì ra ọkọ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò sì tí ì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò ní ohun kan tí yóò torí rẹ̀ la ẹnu dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Láyé àwọn baba wa, àárín iṣẹ́ gan-an ni ọpẹ́ ń gbé: ojú ọ̀nà oko, ìdí ìkòkò aró, ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tí ó báni ṣe ọ̀wẹ̀ lánàá, àti ojúbọ òrìṣà tí a ń gbá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ìtàn bí ó ti ṣe kúrò níbẹ̀, àti bí kò ti ṣe kúrò tán, ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀sẹ̀ tiwọn kò gùn tó tiwa. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni í ní: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá tí àwọn mìíràn ń pè ní ọjọ́ awo, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Bí ó sì ti jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ọrún ni wọ́n ń pe ìpadàbọ̀ ọjọ́ kan náà, isán ni wọ́n ń pe ìlọ́po rẹ̀ méjì, ìtàdógún sì ni wọ́n ń pe ìlọ́po rẹ̀ mẹ́rin. Orí ìṣirò yìí ni wọ́n tẹ́ ọjà lé. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n gbé èsúsú àti ìpàdé ẹgbẹ́ kà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí tí kò sí aago lára ògiri, ọwọ́ wọn dilẹ̀. Obìnrin tí ó ń ná ọjà òòjọ́ ní ìlú rẹ̀, tí ó tún ń ná ọjà ọrún ní ìlú kejì, tí ó rẹ àgbàdo fún ògì, tí ẹyìn ń dúró dè é ní ẹ̀bù, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní ìsinmi ju akọ̀wé tí ń sáré bá ọkọ̀ ní ìdájí lọ. Ọkùnrin tí ó ní oko etílé, tí ó tún ní oko ẹgàn, a máa fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀nà tí ẹni òde òní kò ní rìn bí kò ṣe pé ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Nínú irú ọ̀sẹ̀ tí ó há bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí àyè fún ọpẹ́, wọn kò sì yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Wọ́n hun ún mọ́ ọn ni.

Ìdúpẹ́ ti ojúbọ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ tàbí kó igbá ọjà, olórìṣà a ti jí, a ti gbá ojúbọ, a ti da omi àtijọ́ nù, a sì ti bu omi tútù mìíràn sí i. Àwọn ọlọ́bàtálá kì í fi omi ọ̀sán ṣe é ní tiwọn: omi àfẹ̀mọ́júmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rú ni wọ́n ń fẹ́, ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin tàbí ìyá àgbà tí ó ti kúrò ní ọmọ bíbí ni ó sì ń lọ pọn ọ́n wá láti odò. Omi yìí àti obì aláwẹ́ mẹ́rin, a ó rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ohun èlò náà tí tálákà kò lè ní. Ẹbọ ńlá ní ọjọ́ tirẹ̀, ọdún òrìṣà ní àgbò àti ìlù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kò béèrè ju ọwọ́ tí ó mọ́ àti ẹnu tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ẹ̀bẹ̀ kò ṣàìsí nínú rẹ̀, nítorí ọmọ aráyé kò lè dé ibi tí agbára wà kí ó má tọrọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ìkíni àti ọpẹ́ ni ó ń ṣáájú ẹ̀bẹ̀, olúwarẹ̀ a sì ka ohun tí ọjọ́ mẹ́rin náà mú wá: ibà tí ó lọ lára ọmọ, àdá tí ó yẹ̀ ní ẹsẹ̀, àlejò tí ó wọ̀ tí ó sì jáde láìsí wàhálà, ẹni tí ó ti ọjà bọ̀.

Ẹni tí ó ti ọjà bọ̀! Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ojú kékeré ni àwa fi ń wò ó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan láti ìgbà tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé ti ń yẹ̀ títí dé orí ogun Kírìjí, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a kò sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ títí di 1886, ẹni tí ó jáde láàárọ̀ kò ní ìdánilójú pé ilé ni òun yóò sùn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, òun àti ìyá rẹ̀, ní ìlú Òṣogùn. Ọmọ náà ni ó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bí ayé ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá wí fún aya rẹ̀ pé “ẹ kú àbọ̀,” tí aya sì dá a lóhùn pé “a dúpẹ́,” àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìkíni náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu. Ìròyìn ni: mo lọ, mo bọ̀, wọn kò jí mi gbé.

Láti ojúbọ, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun kan wà tí mo gbà pé ó jinlẹ̀ ju ti ojúbọ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé kì í ka á kún ìdúpẹ́: oríkì òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọmọ bá wá dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, tàbí tí ó ti odò dé tí ó sọ ìkòkò omi kalẹ̀, ìyá kì í wí pé “o ṣeun” kí ó sì dákẹ́. Yóò pe oríkì rẹ̀, Àjàní tàbí Àkànní tàbí Àyìnlá bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ tàbí Àmọ̀kẹ́ bí ó bá jẹ́ obìnrin; láti ibẹ̀ yóò gba inú oríkì orílẹ̀ lọ, ọmọ Oníkòyí ni, ọmọ Olówu ni, ọmọ Òpómúléró ni, títí orí ọmọ yóò fi wú, tí yóò sì gbàgbé pé ọrùn ń dun òun. Ìkòkò omi kan ṣoṣo ni ọmọ pọn. Ìran márùn-ún ni wọ́n jí dìde láti wá bá ìyá rẹ̀ dúpẹ́. Bákan náà ni ìyàwó ilé ń ṣe fún àwọn ọmọ ọkọ, tí kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn: kò sí ohun tí àwọn náà lè ṣe fún un, ìbáà jẹ́ igi tí wọ́n là tàbí ọmọ tí wọ́n bá a gbé, tí kò ní fi oríkì san án. A ti rí ọmọ tí ó ya pòkíì tí ó di ọmọ gidi nítorí pé ìyá rẹ̀ mọ oríkì ń kì. Àwọn òbí ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi owó ra ìgbọràn ọmọ lè ronú sí i.

Nígbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìkíni iṣẹ́ sì bá a rìn. Ẹni tí ó bá kan àgbẹ̀ lójú oko, “Àroko bọ́dúndé o” ni yóò wí, ẹni tí ó bá aláró nídìí ìkòkò, “Àrẹdú o”, ẹni tí ó bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, “Ojú gbooro o”, ọdẹ, “Àrìnpa o”, ọlọ́jà, “Ajé á wọgbá o”, babaláwo, “Àbọrú bọyè o.” Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti to àwọn ìkíni wọ̀nyí jọ sínú ìwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìdánwò ni. Kí a wò ó bí ó ti rí lójú ọ̀nà: ẹni tí ń kọjá lọ kò bẹ àgbẹ̀ níṣẹ́, kò ní jẹ nínú iṣu rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tún rí ara wọn mọ́ títí láé, síbẹ̀ ó dúró, ó sì kí i kú iṣẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbikíbi ń ṣe é fún ìlú. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ wa ní 1850, tí ilé-iṣẹ́ Smithsonian sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ ní 1858, kò ṣàìfi àyè sílẹ̀ fún ìkíni wa nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá láti ibòmíràn ni irú rẹ̀ ń yà lẹ́nu. Àwa tí a bí sínú rẹ̀ kò mọ̀ pé ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọpẹ́ àwọn baba wa ti gbilẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ àná. Iṣẹ́ tí ó bá ju agbára ẹnìkan lọ, bí ilé mímọ tàbí ilé bíbò tàbí oko àna ríro, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ sí i: ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ yóò pèsè iyán àti ọbẹ̀, yóò wá ẹmu, àwọn ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò yóò sì ya dé bí eṣú. Àáró yàtọ̀ sí èyí. Ti àwọn ẹgbẹ́ ni, lónìí ní oko tèmi, lọ́la ní oko tìrẹ, títí yóò fi yí ká. Bí ó ti wù kí ó rí, bí oòrùn bá wọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ sílé, iṣẹ́ kò tí ì parí fún ẹni tí a ṣe é fún. Ó ku ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí àwọn ènìyàn tó gba oko lọ, yóò ti jí, yóò sì máa ti ojúlé dé ojúlé: “Ẹ kú iṣẹ́ àná o. Ẹ ṣeun àná.” Wọn yóò sì dá a lóhùn pé kò tó ọpẹ́. Bí wọ́n bá pàdé ní ọjà ní ọjọ́ kẹta, yóò tún dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yóò dúpẹ́ lọ́tọ̀ nígbà tí ó bá rí ìyàwó wọn. Bí ohun tí a ṣe fún un bá sì tóbi, kò ní dá lọ. Yóò wí fún àwọn àgbà ilé rẹ̀ pé, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ lágbájá,” baba tí kò jẹ nínú oore náà yóò sì wọ agbádá rẹ̀, yóò lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, yóò dúpẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ni a ṣe é fún. Mo ti gbọ́ tí àwọn àlejò ń bi wá léèrè pé kí ni a ń tún ọpẹ́ kan náà dá sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀, ikùn tí ó yó lè mú un wá; ti ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí oorun ti là á kọjá, ni a fi ń mọ̀ pé oore wọ inú.

Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n tún ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Àwọn kan sì ń tẹ́ńbẹ́lú òwe ìkẹyìn yìí, wọ́n ní ó sọ ọpẹ́ di ọgbọ́n alágbe. Èmi kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni òwe náà ń bá wí, a kò sì lè fi ọgbọ́n àgbà kọ́ ọmọdé. Ohun tí yóò dùn mọ́ ọn ni a fi ń mú un wọ ọ̀nà, bí ó bá dàgbà, yóò mọ inú rò, ẹni tí ó bá sì mọ inú rò ni ó ń mọ ọpẹ́ dá.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ó wá yí ìlànà yìí padà. Àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ mú un wọlé, kí òyìnbó oníwàásù kan tó tẹ ilẹ̀ wa, àwọn ni ó kọ́ wa ní ìrun Jímọ̀, àwọn náà sì ni ó fi “alihamudulilai” sí ẹnu wa, ọ̀rọ̀ tí kò ṣòro fún Yorùbá láti gbà, nítorí ibi tí “a dúpẹ́” ti ń jáde ni òun náà ti ń jáde: lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn sísín, lẹ́yìn “ṣé àlàáfíà ni?” Àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀lé wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí. Ní 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ìwé àdúrà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú wá, tí Crowther túmọ̀ sí Yorùbá, ní Ìdúpẹ́ Gbogbogbòò nínú, èyí tí Edward Reynolds, Bíṣọ́ọ̀bù Norwich, kọ fún ìwé ti ọdún 1662. Ẹni tí ó bá sì kà á yóò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu ni ó fi bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe dídá tí a dá wa, pípa tí a pa wá mọ́, àti àwọn ìbùkún ayé yìí. Ọlọ́bàtálá tí ó bu omi tútù sí ojúbọ kò ní rò pé àlejò ni ọ̀rọ̀ náà.

Ìkórè náà dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé àṣà àtijọ́ Ìjọ ni, nítorí ní ọdún 1843 kan náà tí Townsend wọ Abẹ́òkúta ni Robert Stephen Hawker, àlùfáà Morwenstow ní Cornwall, pe àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fún ìsìn ìdúpẹ́ ìkórè, tí ó sì ti ibẹ̀ tàn kálẹ̀. Bí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, a gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo àti adìyẹ alààyè kún iwájú pẹpẹ, a sì ń tà wọ́n lẹ́yìn ìsìn. Àti ní Èkó Àkéte, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti ní oko, a ń fi owó ra iṣu ní ọjà láti wá dúpẹ́ ìkórè rẹ̀. Mo sọ èyí tẹ̀rín-tẹ̀rín ni, n kò fi bú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó ṣe ọpẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ léṣe kì í ṣe ìsìn. Aago ni, àti owó oṣù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn nílé Olúyọ̀lé, tí wọ́n sì ṣí i ní 1901, ó di pé ẹni tí ó bá dúró kí ènìyàn mẹ́ta lójú ọ̀nà, ọkọ̀ yóò fi í sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ẹni tí ó báni ṣe iṣẹ́, a sanwó fún un ni. Àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ohun tí a bá ti sanwó rẹ̀, a ti dúpẹ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọpẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọjọ́ Àìkú, láti ọjọ́ Àìkú ni ó sì ti kó lọ sí ọjọ́ ayẹyẹ, níbi tí ìlù ti ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lọ tán. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, tí kò sí oògùn tí ó ràn án, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan dìde nínú ìjọ Saint Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní 1925, Moses Orímọládé Túnọláṣẹ àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbé ìsọjí Òkè-Ooyè kalẹ̀ ní Iléṣà. Nínú àwọn ìjọ Aládùúrà tí ó ti inú ìwọ̀nyí jáde ni ọpẹ́ ti tún rí ọjọ́ iṣẹ́ gbà padà. Ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ wà, àyè ìjẹ́rìí sì wà nínú rẹ̀, níbi tí ìyá ẹlẹ́kọ ti ń dìde sọ pé orí fífọ́ òun lọ, tí akọ̀wé ń sọ pé wọn kò dá òun dúró níṣẹ́, tí gbogbo ìjọ sì ń bá wọn yọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín sí wọn nígbà kan rí pé ọ̀rọ̀ wọn kéré jù. Kíkéré ọ̀rọ̀ náà ni iyì rẹ̀: ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa ni ó gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil pàápàá kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Salvador ti Bahia, níbi tí ilé òrìṣà Casa Branca wà, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọ̀ká, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni òfin òyìnbó fi lélẹ̀ fún wọn; wọ́n kàn pín àwọn òrìṣà sí i lára ni, Ṣàngó gba ọjọ́rú, Ọbàtálá gba ọjọ́ Ẹtì, aṣọ funfun ni àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Títọ́jú ojúbọ àti yíyí omi rẹ̀ padà, ossé ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Nítorí náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ó há tó bẹ́ẹ̀ tí ọpẹ́ kò ní rí àyè nínú rẹ̀, a kò sì lè fi iṣẹ́ ṣe àwíjàre. Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọnù ni “ẹ ṣeun àná.” Àwọn baba wa fi ẹsẹ̀ rìn ní ìrì òwúrọ̀ láti lọ sọ ọ́. Lónìí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù, ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá kí ohùn ẹni tó dé Ìbàdàn láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí a bá ṣe lóore tí kò kíni kú àná nísinsìnyí, ìwà rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn.